Yíyan Arọ́pò fún Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Alágbára tó ti Gbó ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ alágbára, bí orí yìí ṣe lo gbólóhùn náà, ni ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ní bùùtù lẹ́yìn, tí àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fún ní ẹ́ńjìnnì tó ju ohun tí ìrìn ojoojúmọ́ ń béèrè lọ, tí wọ́n sì to ẹsẹ̀, bíréèkì àti sítíárì rẹ̀ kí wọ́n lè gba eré ẹ́ńjìnnì náà mọ́ra. Lára irú rẹ̀ tó ti pẹ́ lójú títì Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni BMW 3 Series tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí E46, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí tà lọ́dún 1998, tí wọ́n sì fi E90 rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2005. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mercedes-Benz C-Class W203, tó jáde lọ́dún 2000 tó sì kúrò lórí àtẹ lọ́dún 2007. Ẹ̀kẹta ni Honda Accord onísilindà mẹ́fà ti 2003 sí 2007, tí gbogbo ọjà ọkọ̀ ní Nàìjíríà ń pè ní End of Discussion. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti ń sún mọ́ ogún ọdún, ọ̀pọ̀ ló sì ti kọjá bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní ọ̀kan nínú wọn ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ Ajé kó tún padà débẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ olùrà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọkọ̀ wo ló yára jù nínú èyí tí owó ọwọ́ wọn ká. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé agbára ọkọ̀ wo ni àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó lè tọ́jú kó má dín kù fún ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ìwọ̀n hp ni wọ́n fi ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, bí iye rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ sí ni ọkọ̀ ṣe ń tètè gbé eré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ní 270 hp nínú ìwé, tí ṣọ́kì rẹ̀ ti kú, tí táyà rẹ̀ ti gan, tí bíréèkì rẹ̀ sì ń fà sápá kan, kì í ṣe ọkọ̀ alágbára mọ́, ewu ni.

Ṣé pípààrọ̀ ló kàn lóòótọ́?

Kí olówó ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá òmíràn, ó yẹ kó pín àìsàn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èrò pé wọ́n á gbó, wọ́n á sì di pípààrọ̀: ṣọ́kì, pádì bíréèkì, pọ́lọ́ọ̀gì, rádíétọ̀ àti àwọn họ́ọ̀sì rẹ̀, pẹ̀lú búṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń gba ìró kòtò mọ́ra kó má baà dé inú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ irú èyí nìkan ló kó jọ, àtúnṣe kò ní náni lówó tó pípààrọ̀, olówó ọkọ̀ yóò sì tún mọ ìtàn ohun tó ń gùn, èyí tí kò sí olùtà kankan tó lè tà á fún un. E46 tó ń gbóná lemọ́lemọ́, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń jẹ́ ọ̀ràn ike: ike ni wọ́n fi ṣe ojò omi rẹ̀, ooru ọdún púpọ̀ sì máa ń là á. Ojò tuntun, họ́ọ̀sì tuntun àti wọ́tà pọ́ǹpù tuntun lè fún ẹ́ńjìnnì tó ṣì dára ní ẹ̀mí ọdún mélòó kan.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ohun tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bàjẹ́, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Lára E46 kan náà, kí mẹkáníìkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo pátákó irin abẹ́ bùùtù níbi tí igi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí pé irin ibẹ̀ a máa là, ìlà náà a sì máa gùn sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń wọ kòtò. Ti W203 tó gbé ẹ́ńjìnnì V6 (sílindà mẹ́fà tí wọ́n tò ní mẹ́ta-mẹ́ta bí ìrísí lẹ́tà V) ti 2005 sí 2007, ẹ̀rọ kékeré kan tó ní eyín, tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì má gbọ̀n, ló máa ń jẹ kù láìtọ́jọ́, èèyàn kò sì lè dé ibi tó wà láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Bí gíà bá tún wá ń yọ̀ lórí irú èyí, tàbí tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀n láti ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì fi hàn pé sílindà kan rẹ̀ jìnnà sí àwọn yòókù, kí olówó ọkọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Owó tí wọ́n bá tún dà sí i kò ní padà wá.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò máa rìn

Ọ̀nà láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tó gba Ọ̀wẹnà àti Bọ́lọ́rundúró kọjá, kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, àmọ́ òun gan-an ni ilé ẹjọ́ tó yẹ kí ọkọ̀ èyíkéyìí jẹ́jọ́ níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń pín ojú ọ̀nà kan náà ni, àwọn ọkọ̀ ńlá tó gbé pákó tàbí kòkó sì máa ń fa ẹsẹ̀ lórí òkè, ẹni tó bá wà lẹ́yìn wọn ní láti dúró de ibi tí ojú ti lè rí iwájú dáadáa kó tó kọjá. Ohun tí awakọ̀ nílò níbẹ̀ ni ọkọ̀ tó lè kúrò lórí 60 kó dé 90 kíákíá, tó sì tún lè dúró gbọn-in bí nǹkan bá yọ lójijì. Ẹ̀bùn eré 220 tàbí 240 kìlómítà ní wákàtí kan kò wúlò fún un rárá. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń ṣọ́ fi 50 kìlómítà ní wákàtí kan sí inú ìlú, 80 sí irú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó yìí, àti 100 sí ọ̀nà mọ́rosẹ̀ bí èyí tó gba Òrè kọjá lọ sí Èkó. Òfin náà bá ìṣirò mu, nítorí pé ipá tí bíréèkì ní láti pa nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí 100 fi díẹ̀ ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti ìgbà tó wà lórí 80 lọ. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ alágbára nítorí ọ̀nà yìí, bíréèkì ló yẹ kó kọ́kọ́ máa wá.

Táyà ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìpinnu ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà tó wà lára táyà, irú bí 225/45R17, ní ìtumọ̀ tó rọrùn: 225 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 45 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 17 sì ni ìwọ̀n rímù ní ínṣì. Ẹ̀gbẹ́ táyà yìí ga tó nǹkan bí 101 mìlímítà, nígbà tí ti 215/60R16, tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Toyota Camry, ga tó 129. Ìyàtọ̀ náà kò pé ínṣì kan àtààbọ̀, síbẹ̀ òun ló ń sọ bóyá ọkọ̀ tó já sínú kòtò tí àgbàrá bò mọ́lẹ̀ yóò kàn mì tìtì tàbí rímù rẹ̀ yóò tẹ̀, tí táyà yóò sì bẹ́. Olùrà tó bá rí ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi rímù ńlá sí, kó béèrè rímù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, tàbí kó fi owó rẹ̀ kún ìṣirò. Òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù tó wá láti òkè òkun, tí wọ́n fi ìpara mú dúdú, tí kò sì tíì jẹ lójú, lè ti gan tán nínú.

Epo

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀rù ẹ́ńjìnnì V6 ti wọ ọ̀pọ̀ olùrà lára, pàápàá nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan fi kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú lọ́dún 2024. Ẹ̀rù náà ju ohun tó ń bà wọ́n lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwọ̀n tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ṣe, Lexus ES 350 ọdún 2007, tó ní V6 oní-3.5 lítà, ń mu nǹkan bí lítà 12 sí 13 fún 100 kìlómítà nínú ìlú àti lítà 9 lójú ọ̀nà tó já geere. Camry onísilindà mẹ́rin ọdún kan náà ń mu nǹkan bí 11 nínú ìlú àti 8 lójú ọ̀nà. Ìyàtọ̀ lítà kan sí méjì ni, ẹni tó bá sì ń gun ẹ́ńjìnnì kékeré tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn rẹ̀ ti kú (èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí epo ṣe jó tó) lè máa jó epo ju oní-V6 tó pé lọ.

Ohun tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó ni ọ́kítéènì, ìyẹn ìwọ̀n bí epo ṣe lè dúró lábẹ́ ìfúnpọ̀ láìgbiná fúnra rẹ̀ kí pọ́lọ́ọ̀gì tó tan án. Epo tí wọ́n ń tà ní ilé epo Nàìjíríà wà ní àyíká 91 lórí òṣùwọ̀n RON. Ìyẹn tó fún Camry V6 àti fún Honda Accord, ṣùgbọ́n BMW E90, Mercedes W204 àti Lexus IS 250 ń béèrè nǹkan bí 95. Wọn kò ní kọ̀ láti ṣiṣẹ́, torí pé sẹ́ńsọ̀ kan ń gbọ́ ìró ìgbiná àìtọ́, kọ̀ǹpútà á sì fa ìtanná sẹ́yìn. Àmọ́ díẹ̀ nínú agbára tí olùrà san owó fún ni kò ní rí lò, àgàgà nígbà tí oòrùn bá mú.

Àwọn tó lè gba ipò náà

Ẹni tó fẹ́ràn bí E46 ṣe ń gba kọ́nà, E90 ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fà sí. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ 328i ní 230 hp láti inú ẹ́ńjìnnì oní-3.0 lítà, ẹ̀yìn ni agbára rẹ̀ ń lọ, sítíárì rẹ̀ sì ń sọ ohun tí táyà ń ṣe fún awakọ̀ ju ti ọkọ̀ èyíkéyìí mìíràn nínú orí yìí lọ. Kí olùrà mọ ohun mẹ́rin nípa rẹ̀ kó tó san owó. Kò ní gééjì ọ́ìlì, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n máa ń fà yọ láti wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́, bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bá sì kú, kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ pé ọ́ìlì ti ń tán. Iná mànàmáná ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀tì, ó sì lè kú láìjò omi kankan sílẹ̀ ṣáájú kó tó gbóná. Wọ́n kó o jáde pẹ̀lú táyà tó lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jò, nítorí náà wọn kò fi ẹ́sítírà táyà sí bùùtù rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹni kan bá ti fi táyà lásán rọ́pò wọn, bí ó ti máa ń rí ní Nàìjíríà, táyà tó bẹ́ lálẹ́ lójú ọ̀nà Oǹdó sí Òrè yóò di ìṣòro ńlá. Èkẹrin ni pé bí wọ́n bá fi bátìrì tuntun sí i, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni wọ́n fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó má baà máa fi iná tó pọ̀ jù pa bátìrì náà.

Nítorí náà E90 yẹ fún ẹni tó ti ní mẹkáníìkì àti rẹ́wáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ti BMW lọ́wọ́, tó sì ti fi ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ dán wọn wò. Ẹni tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń wá ẹni tuntun tó máa tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, kó jìnnà sí i.

Mercedes-Benz W204, tó gba ipò W203 lọ́dún 2007, rọrùn díẹ̀ láti bá gbé. C300 rẹ̀ ní 228 hp, àìsàn ẹ̀rọ eléyín tí wọ́n mẹ́nu bà lókè sì ti kúrò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ ti 2009 sókè. Àléébù rẹ̀ tó ń dójú ti olówó rẹ̀ jù ni lọ́ọ̀kì sítíárì oníná: lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ á wọlé, kò sì ní sí iná kankan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ tó gbé èèyàn dé ọjà kò ní gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu kí olùrà ti mọ ẹni náà kí ọjọ́ náà tó dé.

Lexus IS 250, tí irú rẹ̀ kejì jáde fún ọdún 2006, ni ọkọ̀ Japan tó sún mọ́ ìwà àwọn ará Jámánì jù, nítorí pé ẹ̀yìn ni agbára òun náà ń lọ. Àmọ́ 204 hp rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù, inú sílindà tààrà ni epo sì ń tú sí, kò gba orí fáàfù kọjá láti fọ̀ ọ́, èyí tó ń mú kí èérí dúdú máa kó jọ síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sí hódòpù. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ há púpọ̀. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ tan ara rẹ̀.

Camry V6 ti 2007 sí 2011, tí ọjà ń pè ní Muscle, àti Lexus ES 350 tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olùgbé ìlú méjèèjì yìí rà. Ẹ́ńjìnnì kan náà oní-3.5 lítà ló wà nínú àwọn méjèèjì. 268 hp ni ti Camry, 272 hp ni wọ́n sì kọ fún Lexus nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Bí ọkọ̀ pákó bá wà níwájú lórí òkè Ọ̀wẹnà, kò sí èyí nínú àwọn tó ṣáájú tó lè kọjá pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ jù ú lọ. Ṣéènì ni ó ń so apá òkè ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kí fáàfù lè ṣí kí ó sì pa lásìkò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní láti máa pààrọ̀. Ṣọ́kì rẹ̀, búṣì rẹ̀ àti pádì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù páàtì ní Àkúrẹ́, nígbà tí ti àwọn ará Jámánì sábà máa ń wá láti Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Aráròmí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, nípa wẹ́ẹ̀bíìlì, ìyẹn fífi ẹrù rán awakọ̀ ní gáréèjì kí ẹni tó ni ín lọ gbà á ní òdì kejì, tí mẹkáníìkì á sì máa retí rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kó tó mọ̀ bóyá ó bá ọkọ̀ mu.

Àìsàn kan wà tó ti pa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí tó jẹ́ ti ọdún àkọ́kọ́, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì tó nǹkan bí wọ́n bá tètè mọ̀. Páìpù tóóró kan ń gbé ọ́ìlì lọ sí ibi tó ń ṣàkóso àsìkò fáàfù, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tí bẹ́ẹ̀tì ìta wà. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, irin ni orí méjèèjì rẹ̀, rọ́bà dúdú sì ni àárín. Bí rọ́bà náà bá là, ọ́ìlì á tú dà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ́ńjìnnì á sì lọ̀ mọ́ra kí awakọ̀ tó rí ibi ìdúró. Kí mẹkáníìkì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: bó bá rí rọ́bà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jẹ́ kìkì irin kí ọkọ̀ náà tó jáde kúrò ní Àkúrẹ́. Òótọ́ ni pé Camry àti ES kò ní gba kọ́nà bí ọkọ̀ àtijọ́, torí pé iwájú ni agbára wọn ń lọ, wọ́n sì rọ̀ nísàlẹ̀. Èyí ni ohun tí olùrà yóò pàdánù, kò sì sí àǹfààní nínú fífi í pamọ́ fún un. Camry V6 tó jẹ́ SE, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀, dín àdánù náà kù.

Kí olùrà má ṣe fi ojú fo ìyàtọ̀ tó wà láàárín Muscle onísilindà mẹ́fà àti onísilindà mẹ́rin tó kún ìgboro. Onísilindà mẹ́rin oní-2.4 lítà ti 2007 sí 2009 ní 158 hp péré, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń mu ọ́ìlì bí ó bá ti pẹ́.

Honda Accord ti 2008 sí 2012, tí wọ́n ń pè ní Evil Spirit, wà ní àárín. V6 rẹ̀ lágbára tó ti Camry, àmọ́ bẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, èyí tó yẹ ní pípààrọ̀ nígbà tó bá ti rìn nǹkan bí 160,000 kìlómítà tàbí tó pé ọdún méje, kò sì sí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ó tún máa ń pa àwọn sílindà kan lásìkò tí kò bá nílò wọn láti fi tọ́jú epo, èyí tó ń mú kí àwọn pọ́lọ́ọ̀gì kan dọ̀tí kí ọ́ìlì sì máa dín kù. Ẹni tí kò bá nílò agbára tó bẹ́ẹ̀, onísilindà mẹ́rin EX rẹ̀ tó ní 190 hp, tó sì ń lo ṣéènì, jẹ́ ọkọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì ń gba kọ́nà ju Camry lọ. Ti End of Discussion V6, kí olùrà ṣọ́ra fún gíà rẹ̀. Lọ́dún 2004, Honda fúnra rẹ̀ pe Accord V6 ti 2003 àti 2004 padà nítorí gíà kejì tó ń gbóná jù.

Àyẹ̀wò kí owó tó jáde

Nọ́ńbà VIN, ìyẹn lẹ́tà àti òǹkà 17 tó jẹ́ orúkọ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá jẹ́, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí olùrà fi méjèèjì wé ara wọn, kó sì fi wọ́n wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí èyí tó ṣáájú bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. J jẹ́ Japan, W sì jẹ́ Jámánì. Lára ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 7 jẹ́ 2007, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Bí olùtà bá pe ọkọ̀ ní 2010 tí ìkẹwàá sì jẹ́ 8, ọ̀rọ̀ ti parí. Nọ́ńbà yìí kan náà ni wọ́n fi ń gba ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Carfax tàbí AutoCheck, níbi tí jàǹbá, omíyalé àti iye máìlì tó ti rìn ti máa ń hàn. Máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, 100,000 máìlì sì jẹ́ nǹkan bí 161,000 kìlómítà.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí yẹ ní ìbẹ̀rù ju èyí tó forí gbá nǹkan lọ, nítorí pé ìjàǹbá a máa hàn, omi a sì máa fara pamọ́ sínú wáyà fún ọdún méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Ìjì Sandy ti 2012 ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Harvey ti 2017 ní Texas bo ọkọ̀ tó pọ̀ mọ́lẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣòro láti rí lọ́jà gbàǹjo. Kí olùrà fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin rẹ̀, kó sì wo ìdí rẹ̀ bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Kó ti ìjókòó sẹ́yìn kó wo ìpẹta lórí bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀. Kó ká kápẹ́ẹ̀tì bùùtù sókè, kó sì gbóòórùn abẹ́ rẹ̀.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí olùrà lọ, láìsọ àkókò pàtó fún olùtà, kó sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti jí ṣáájú kò ní sọ òtítọ́ nípa ìró àárọ̀ àti èéfín àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì jí ẹ́ńjìnnì, iná ẹ́ńjìnnì àti iná báàgì afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn náà. Bí wọn kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti yọ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn, kí wọ́n má sì tẹ́tí sí àìsí àṣìṣe nìkan: ẹ̀rọ náà tún ń fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí àwọn àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ẹnìkan ti pa àṣìṣe rẹ́ láìpẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìwakọ̀ àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ kúrú. Kí wọ́n gba Ọ̀nà Ọba Adésídà kọjá nígbà tí ọjà bá ti kún, kí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní títan, kí ojú má sì kúrò lórí ọ̀pá ooru. Ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa yóò jẹ́wọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìdànrè, tó ní òkè àti kọ́nà, láti gbọ́ bóyá gíà ń yí láìgbọ̀n nígbà tó ń gun òkè, bóyá sítíárì ń padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, bóyá ẹsẹ̀ ń dún lórí gálọ́ọ̀pù. Níbi tí ojú ọ̀nà bá ti ṣófo pátápátá, kí wọ́n tẹ bíréèkì le láti 60: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní tààrà, pẹ́dà rẹ̀ á sì máa ta ẹsẹ̀ padà díẹ̀, èyí tó jẹ́ àmì pé ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dá gọ lójijì, ń ṣiṣẹ́. Olùtà tó bá ní ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà, kí wọ́n kí i pé ó dàárọ̀.

Ìwé, àti ohun tó kù lọ́wọ́

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó fi èbúté hàn. Kí olùrà mú un lọ fún àyẹ̀wò ní ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó san owó, kó sì pààrọ̀ orúkọ sí tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ láìfi dọ̀la. Ìdójútòfò fún ẹlòmíràn, tí òfin sọ di dandan, ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù Kìíní ọdún 2023.

Kò bójú mu kí olùrà ná gbogbo owó rẹ̀ tán sórí ọkọ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ yẹ kó wà nílẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà, omi rádíétọ̀, omi bíréèkì, pádì, àti táyà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Bí owó kò bá tó fún ES 350 pẹ̀lú táyà tuntun, Accord onísilindà mẹ́rin pẹ̀lú táyà tuntun ló dára jù.

Ti ọkọ̀ àtijọ́, bí ẹ́ńjìnnì tàbí gíà rẹ̀ bá ṣì pé, àwọn tó ń ta páàtì àlòkù, tí ọjà ń pè ní Belgium, lè san ju ẹni tó fẹ́ gùn ún lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ gùn ún ló rà á, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn tí ọjọ́ àti wákàtí tí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì àti ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí olùtà sì mú ẹ̀dà kan, nítorí pé títí tí orúkọ yóò fi yí padà, orúkọ rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ rí bí ọkọ̀ náà bá gbá ẹnìkan.